Ẹni Tí Iná Yóò Kọ́kọ́ Jó

Ẹ rí èéfín yẹn lápá Ọ̀rà? Ẹ tẹjú mọ́ ọn. Ó dúdú, ó sì nà ró bí òpó. Èéfín tó bá dúdú báyìí láàárín ọyẹ́, igi tútù ló ń jó níbẹ̀, kì í ṣe koríko. Èéfín koríko a máa funfun, a sì máa fà nílẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó sọnù. Irú èyíinì ni èmi mọ̀ nígbà tí mo lágbára. Èyí tí ẹ ń wò yẹn, iná tí kò ní bàbá ni. Kò sí ẹni tó mọ ẹni tó dá a, kò sì sí ẹni tí yóò pa á.

Lánàá tí a ń bọ̀ láti Ire, tí ìgbẹ́ ń jó lẹ́bàá títì, mo bi awakọ̀ pé, "Ta ló dá iná yìí?" Ẹ̀yin ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú yín ní, "Bàbá, ṣé iná náà ń ní orúkọ ni?" Bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà kan, iná ń ní orúkọ. Ẹ fa àga yín kúrò lójú oòrùn, kí n sọ bó ṣe jẹ́ fún yín.

Abà wa wà láàárín Ìlá àti Ọ̀rà, níbi tí igbó ti ń tán lọ, tí ọ̀dàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Abà mẹ́ta ló wà níbẹ̀, odò kan ṣoṣo ni gbogbo wa sì ń pọn, odò Olójò. Bí ẹ bá dúró lórí òkè abà tiwa, bí ilẹ̀ ṣe tò nìyí. Ọ̀dàn ló wà lókè pátápátá, koríko bẹẹrẹ tó ga ju ènìyàn lọ, pẹ̀lú igi òrí àti igi irúgbá níbí àti lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn ọ̀dàn ni oko iṣu àti ẹ̀gẹ́. Lẹ́yìn oko iṣu ni kòkó àti obì. Lẹ́yìn kòkó ni igbó etídò, tí ẹnikẹ́ni kì í fi àdá kàn. Lẹ́yìn náà ni omi. Ẹ fi í sọ́kàn bẹ́ẹ̀: koríko, oko, kòkó, igbó, omi. Bí ọmọ ìyá ni wọ́n rí. Bí àkọ́bí bá di ìpáǹle, ara àwọn àbúrò ló ti ń jáde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa bẹẹrẹ díẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé koríko kan kò yàtọ̀ sí koríko kan. Bẹẹrẹ ni a fi ń bo ilé. Bó bá gbó tí a kò sun ún, yóò wó lé ara rẹ̀ lórí, èyí tó bá hù lọ́dún kejì yóò tún wó lé e. Bó bá fi máa di ọdún kẹta, kì í ṣe koríko lẹ ní lẹ́yìn ilé mọ́, ìtẹ́ iná ni. Bí ẹnì kan bá ju ìṣáná sí i láàárín ẹ̀ẹ̀rùn, kò sí akọni tó lè dúró níwájú rẹ̀. Àwọn àgbà sì ti wí pé a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Nítorí náà ni àwọn bàbá wa ṣe ń fi iná kékeré lé iná ńlá jìnnà. Lónìí, rédíò ń pariwo pé kí a má dáná sungbó. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Àmọ́ wọn kò sọ ohun tí a ó ṣe sí koríko.

Àwọn bàbá wa kì í dúró kí gbogbo rẹ̀ gbẹ tán. Bí ọyẹ́ àkọ́kọ́ bá ti fẹ́, tí ètè ń bẹ̀rẹ̀ sí í là, wọn a lọ fa koríko kan tu. Bí òkè rẹ̀ bá ń ṣẹ́, tí ìdí rẹ̀ ṣì ń tẹ̀ láìṣẹ́, àkókò tó nìyẹn. Kó tó di ọjọ́ náà, àwọn ọkùnrin abà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò ti fi ọkọ́ ro ilẹ̀ yí apá tí a fẹ́ sun ká, títí tí kò fi ní sí ewé kan ṣoṣo tí iná lè gùn kọjá. A kì í sun gbogbo ọ̀dàn lọ́dún kan. Apá kan ni, kí ọ̀yà àti àparò lè rí ibi sá sí, kí ẹni tó fẹ́ bo ilé sì rí bẹẹrẹ ṣá.

Ìrọ̀lẹ́ ni, lẹ́yìn ìrun alásàrí, nígbà tí atẹ́gùn bá ti rọlẹ̀. A ó dojú iná kọ ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀, kí ó máa fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, kí ó má baà sáré. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ̀ka igi ìrà tútù wà lọ́wọ́ ọkùnrin kọ̀ọ̀kan, láti fi na iná pa. Àwọn obìnrin tò láti odò wá, wọ́n ń gba ìkòkò omi lọ́wọ́ ara wọn. Bí iná bá ti wọ koríko, ẹ óò gbọ́ ọ: ta, ta, ta, pàràpàrà, bí ìgbà tí àgbàdo ń ta nínú agbada. Àwọn àwòdì a dé, a kò mọ ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ ìròyìn. Wọn a máa já wọ inú èéfín, wọn a máa gbé tata. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti parí. Kò ní pẹ́ rárá tí koríko tútù yóò fi yọ láàárín eérú, bí irun orí ọmọ tuntun.

Ẹ̀rín náà wà níbẹ̀. Lọ́dún kan, òkété kan já láti inú koríko, ó gba abẹ́ Tàfá, àbúrò mi, kọjá. Tàfá rò pé ejò ni. Ó ju ẹ̀ka ìrà nù, ó gun igi òrí kan fìrí. Kò mọ̀ pé àwọn ìjàlọ tí ń sá fún iná ti ṣáájú òun débẹ̀. Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ náà, kì í ṣe pé ó fọwọ́ di igi mú. Títí Tàfá fi kú, bó bá ti wọ àwùjọ, ẹnì kan a ní, "Ẹ bi í bóyá òkété wà lókè igi!"

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ jù ni òfin tó de iná náà. Kì í ṣe olórí abà ló ń dá a, kì í ṣe ọdẹ, kì í ṣe ẹni tó dàgbà jù. Ẹni tí oko rẹ̀ bá sún mọ́ ọ̀dàn jù ni a ń gbé ìtùfù lé lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Ẹni tí iná yóò kọ́kọ́ jó ni kó dá iná." Ẹ wo ọgbọ́n inú rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ pé bí òun bá ṣìṣe, iṣu òun ni yóò kọ́kọ́ di eérú, kò ní kánjú, kò ní fi iná ṣeré. Bí kò bá sì tíì dá a, ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ dá a. Ẹlòmíràn tó bá gbà á dá, tí iná sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, òun àti ìdílé rẹ̀ ni yóò tún oko olóko gbìn.

Ní gbogbo ìgbà tí mo ń sọ yìí, Bàbá Láísì ni ọlọ́wọ́ iná wa. Bàbá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tí ń wúkọ́. Oko iṣu rẹ̀ ló fẹnu ko ọ̀dàn. Kó tó dá iná, yóò bu eérú sí àtẹ́lẹwọ́, yóò jẹ́ kó máa dà sílẹ̀. Bí eérú náà bá yà sápá oko, yóò gbé agbádá rẹ̀ lé èjìká, yóò ní, "Ẹ máa lọ sílé, ẹ lọ jẹun." Bí ẹnì kan bá kùn, yóò bi í pé, "Oko tìrẹ dà?" Ọ̀rọ̀ tán. Ó lé gbogbo wa padà sílé léraléra, kò sì tijú. Ní gbogbo ọdún tó fi dá iná, kò jó ewé kòkó kan.

Kòkó tó tẹ̀lé oko rẹ̀, ti Ìyá Ràbí ni, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi ti kú, ó fi kòkó náà sílẹ̀ fún un àti ọmọbìnrin kan, Ràbíátù, tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Ìlá. Kòkó yẹn ni aṣọ wọn, òun ni oúnjẹ wọn, òun ni ìwé Ràbí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni igbó etídò, inú igbó náà sì ni ibú Olójò wà. Omi dúdú, tútù. Àrọ̀ inú rẹ̀ a máa yọ irùngbọ̀n síta bí àfáà tó ń wo ojú ọjọ́. Àkàn wà níbẹ̀, ìṣáwùrú wà, àkèré a sì máa ké títí ènìyàn yóò fi sùn lọ. A kì í pẹja nínú ibú yẹn. Ilé ìyá ẹja ni. Ìsàlẹ̀ odò ni a ti ń pẹja, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, nígbà tí omi bá fà, gbogbo abà lọ́jọ́ kan náà, obìnrin pẹ̀lú ìgèrè, ọkùnrin pẹ̀lú àwọ̀n. A kì í da oró sómi. Àwọn ará abà òkè a máa bú wa pé ẹja tiwa gùn bí ahọ́n wa. Àwa náà a ní tiwọn ló kéré bí ọgbọ́n wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ẹja inú yìnyín lọ́jà, ẹ kò lè mọ bí àrọ̀ tó jáde nínú omi lówùúrọ̀ ṣe ń rùn nínú ìkòkò lọ́sàn-án.

Kò pẹ́ tí wọ́n gé wa kúrò lára Ọ̀yọ́, tí wọ́n ní a ti di Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ni Bàbá Láísì kú. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Múráínà, ló jogún oko. Ẹ má ṣì mí gbọ́, Múráínà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ọlọ́yàyà ni. Ìlá ló ń gbé, ó ń wa bọ́ọ̀sì lọ sí Òṣogbo. Bó bá wá sí abà, búrẹ́dì ló máa ń gbé bọ̀ fún àwọn ọmọdé. Ṣùgbọ́n kò sí nǹkan nínú oko bàbá rẹ̀ mọ́ bí kò ṣe ẹ̀gẹ́ tí ẹlòmíràn ń bá a tọ́jú. Bí ẹ̀gẹ́ náà ta, bí kò ta, Múráínà yóò jẹun alẹ́.

Ọyẹ́ dé lọ́dún yẹn. Koríko ń ṣẹ́ lókè, ó ń tẹ̀ nísàlẹ̀. Bàbá Súlè, olórí abà wa, rán mi lọ bá Múráínà ní Ìlá. Ilé epo ni mo bá a. Bẹntiróòlù ti di ọ̀wọ́n nígbà náà, ọkọ̀ tò títí dé ẹnu ọjà. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ há kẹ́ẹ̀gì òfìfo mọ́ra.

"Ẹ káàsán, ẹ̀gbọ́n. Ṣé àlàáfíà lẹ bá dé?"

"Koríko ti tó sun. Ìwọ ni wọ́n ń dúró dè."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ará oko! Èmi ń wá epo, mi ò rí. Ẹ̀yin ní iná lọ́wọ́, ẹ ò lè dá a. Ẹ ṣáà bá mi ṣá ìṣáná kan sí i."

"A kì í bá ẹni ṣá a, Múráínà. O mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Mo mọ̀, mo mọ̀. Bí mo bá kírun Jímọ̀ tán, mo ń bọ̀."

"Ṣé Jímọ̀ yìí?"

"Ẹ̀gbọ́n, bí epo bá wọlé."

Epo kò wọlé. Nígbà tó sì wọlé ní Jímọ̀ kejì, èrò ló gbé lọ sí Òṣogbo. Ní abà, ojoojúmọ́ ni Bàbá Súlè ń fa koríko tu, ojoojúmọ́ ni tútù ìdí rẹ̀ ń dín kù. Ìyá Ràbí náà ń fà á tu. Nígbà tó di ọjọ́ kan, ó lọ bá àwọn àgbà lábẹ́ igi irúgbá, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé iná fún mi. Kòkó mi ló tẹ̀lé oko Múráínà. Bí iná bá bọ́, èmi náà ni yóò jó."

"Ìyàwó wa, dìde," ni Bàbá Súlè wí. "Kò sí ẹni tó kórìíra rẹ. Ṣùgbọ́n ìwọ ni ìkejì. Ẹni àkọ́kọ́ ṣì wà láyé."

"Ẹni àkọ́kọ́ wà ní Òṣogbo, bàbá!"

Àgbà kan láti abà òkè ní, "Bí a bá gbé e fún ìkejì lónìí, lọ́dún tó ń bọ̀, ẹni tí kò ní oko rárá yóò ní òun náà fẹ́ dá a."

"Ṣé koríko yìí ń dúró de ọdún tó ń bọ̀ ni?"

"Ẹnu obìnrin yìí ti gbẹ ju koríko lọ," ni ẹnì kan sọ lẹ́yìn. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Wọn kò gbé iná fún un. Kì í ṣe ìwà ìkà. Òfin tó ti ń gbà wá là láti ìgbà àwọn bàbá wa ni; ta ni yóò kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́?

Ọjọ́ tí Múráínà dé, ọyẹ́ ti di ọyẹ́ gan-an. A kò rí àwọn òkè mọ́ fún eruku. Koríko ń ṣẹ́ lókè, ó ń ṣẹ́ nísàlẹ̀. Ọ̀sán gangan ló dé, nítorí èrò ń dúró dè é ní Ìlá. Ohun tí mi ò lè gbàgbé ni pé inú àwọn àgbà dùn. "Olóko ti dé! Olóko ti dé!" Bàbá Súlè fúnra rẹ̀ ló so ìtùfù. Gbogbo wa mú ẹ̀ka ìrà, a tò bí a ti ń tò.

Ìyá Ràbí sáré jáde láti inú kòkó rẹ̀, gèlè ti bọ́ lórí rẹ̀. "Múráínà, bu eérú sọ́wọ́! Ṣe bí bàbá rẹ ti ń ṣe!"

Múráínà kò fẹ́ dójú tì í. Ó bu eérú sí àtẹ́lẹwọ́. Eérú náà kò tilẹ̀ dà sílẹ̀. Atẹ́gùn gbé e kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ tààrà lọ sápá oko. Gbogbo wa ló rí i.

Ó ní, "Ìyá Ràbí, ẹ fọkàn balẹ̀. Ṣebí oko tèmi ló wà níwájú. Bó bá jó, tèmi ni yóò kọ́kọ́ jó." Ó rò pé òun ń tù ú nínú ni.

"Oko rẹ ni yóò jó!" ni obìnrin náà kígbe. "Kì í ṣe ìwọ!"

Bàbá Súlè wo ojú ọ̀run, ó wo Múráínà. Ó ní, "Ọwọ́ olóko ló wà." Múráínà sì ki ìtùfù bọ koríko.

Iná ọjọ́ náà kò ta pàràpàrà. Ó bú bí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gun òkè. A gbé ẹ̀ka ìrà sókè, ewé rẹ̀ ká jọ kó tó kan iná. Ilẹ̀ tí a ro, ó fò ó bí ọmọdé ti ń fo gọ́tà. Ẹ̀gẹ́ Múráínà lọ kí a tó pe orúkọ Ọlọ́run. Ó wọ kòkó. Kòkó kì í jó bí koríko; ewé gbígbẹ ìdí rẹ̀ ló ń jó, nílẹ̀nílẹ̀, èèpo igi á sì máa là. Ìyá Ràbí wà láàárín rẹ̀, ó ti rẹ ìró rẹ̀ sómi, ó ń fi í na ilẹ̀. Èmi àti Tàfá la wọ́ ọ jáde. Kò sunkún. Ó ń tọ́ka sí àwọn igi náà lọ́kọ̀ọ̀kan. "Eléyìí, oyún Ràbí ló wà nínú mi nígbà tí a gbìn ín. Eléyìí, ẹ̀gbọ́n yín ló bomi rin ín lọ́dún tí òjò dá." Bó ṣe ń pè wọ́n ni iná ń dé ìdí wọn.

Igbó etídò tí kò mọ iná rí, ó mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà. Màrìwò gbígbẹ ló fi gba òkè wọlé, ọ̀pẹ ń jó bí ìtùfù, ó ń ju ẹ̀ṣẹ́ná kọjá lórí omi. Àwọn igi ńlá ń jó nínú lọ́hùn-ún fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí ìta ti kú. Wọ́n ní bí iná bá kú, a feérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fọmọ rẹ̀ rọ́pò. Eérú nìkan ni àwa rí. Òjò àkọ́kọ́ gbé e wọ odò, omi ibú dà bí omi aró. Àwọn àrọ̀ léfòó, ikùn wọn funfun lókè. Òjò tó tẹ̀lé e kó iyanrìn wá, nítorí kò sí gbòǹgbò tó di etí odò mú mọ́. Bí ọdún ti ń gorí ọdún ni ibú ń kún. Lónìí, ọlọ́kadà ń gba àárín rẹ̀ kọjá, èrò ẹ̀yìn rẹ̀ kì í ká sòkòtò. Àwọn obìnrin ń fi igbá wa iyanrìn kí wọ́n tó rí omi bù. Mi ò gbọ́ àkèré níbẹ̀ mọ́.

Múráínà wá bẹ̀bẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Ìyá Ràbí, ó sunkún, omijé rẹ̀ kì í sì í ṣe ẹ̀tàn. Ó ní òun kò fẹ́ rí oko náà mọ́, kí abà gbà á. Lẹ́yìn náà ó padà sí Ìlá, ó wa bọ́ọ̀sì rẹ̀. Ràbí kúrò nílé-ìwé, ó lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán.

Ọyẹ́ ọdún kejì dé. Koríko kì í ṣọ̀fọ̀. Ó ti hù ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó ń ṣẹ́ lókè, ó ń tẹ̀ nísàlẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ kan, eérú dà láti ọwọ́ Bàbá Súlè, ó bọ́ tààrà sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ tó dára fún iná nìyẹn, irú èyí tí Bàbá Láísì máa ń wá. Wọ́n wò yíká pé ta ló kàn. Múráínà ti kọ oko sílẹ̀. Ìyá Ràbí ló kàn.

Àwọn àgbà abà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbé ìtùfù lọ bá a lẹ́nu ilé rẹ̀. Mo tẹ̀lé wọn. Ó ń bó ẹ̀gẹ́. Bàbá Súlè, tó jẹ́ pé "ìwọ" ló ti ń pè é láti ọjọ́ tí wọ́n gbé e wọ ilé wa ní ìyàwó, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, ó ní:

"Ìyá Ràbí, iná ti dé ọwọ́ yín."

Ó gbé ọ̀bẹ kalẹ̀. Ó wo ìtùfù náà. Ó yíjú sí apá ibi tí kòkó wà, níbi tí kò sí nǹkan kan mọ́ ju kùkùté dúdú àti koríko ẹ̀kan lọ.

"Ẹni tí iná yóò kọ́kọ́ jó ni kó dá iná," ló wí. "Ẹ̀yin bàbá, kí lẹ rí lọ́wọ́ mi tí iná yóò jó? Ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ṣì ní nǹkan."

Ó mú ọ̀bẹ rẹ̀, ó ń bó ẹ̀gẹ́ lọ.

Àwọn àgbà wo ara wọn. Kò sí ẹni tó na ọwọ́. Ìtùfù ń jó bọ̀ lọ́wọ́ Bàbá Súlè, ó ń kúrú, ó ń kúrú, títí ó fi dé ọmọ ìka rẹ̀. Ó jù ú sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ pa. Ìyẹn ni iná tó kẹ́yìn tó ní orúkọ ní abà wa.

Ẹ wo èéfín yẹn báyìí. Ó ti yà sápá odò.